Fèrè nìkan kò tó lọ́wọ́ tíṣà eré ìdárayá

Bí àwọn ọmọ iléèwé bá ń ṣeré ìdárayá n'Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, lẹ́bàá òkè Olósùnta, ìyá aláta á pa ìsọ̀ tì, télọ̀ á fi ẹ̀rọ sílẹ̀, wọ́n á lọ wo ọmọ wọn. Wọ́n ti ra bàtà, wọ́n ti rán aṣọ. Ṣùgbọ́n ta ló ń bèèrè pé, "Tíṣà, bí ọmọ yìí bá ṣubú tí kò mí mọ́ ńkọ́?" Ẹni tó bá bèèrè, wọ́n á ní ẹnu rẹ̀ ò dáa. Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kì í ṣe èpè.

Ẹ rántí Samuel Okwaraji. Ọmọ ọdún 25 ni, lọ́yà sì ni. Lọ́jọ́ 12, oṣù kẹjọ, ọdún 1989, ó ṣubú lórí pápá ní Súrùlérè, l'Ékòó, níbi tí Nàìjíríà ti ń bá Àǹgólà gbá bọ́ọ̀lù. Kò dìde mọ́. Àyẹ̀wò fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi jù, ó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Aráyé kọ́ ló ṣe é o. Lóṣù kẹta ọdún 2020, Chineme Martins ti Nasarawa United náà ṣubú bẹ́ẹ̀ ní Lafia, ó sì kú.

Àmọ́ lóṣù kẹfà ọdún 2021, ọkàn Christian Eriksen dáṣẹ́ sílẹ̀ lórí pápá nílẹ̀ Dẹ́ńmáàkì. Wọ́n tẹ àyà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń ta iná sí àyà jí ọkàn náà. Lọ́dún 2022, ó ti padà sẹ́nu bọ́ọ̀lù.

Ohun tó yẹ kí gbogbo tíṣà eré mọ̀ nìyí. Bí ẹni tó ṣubú kò bá dáhùn, tí kò sì mí dáadáa, kí ẹnì kan sáré wá ọkọ̀ àti dókítà. Kí ẹlòmíì kúnlẹ̀, kó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara wọn, kó máa tẹ àárín àyà rẹ̀ wọlé gidi, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, títí ìrànlọ́wọ́ á fi dé. Ká máa da omi síni lórí, ká máa ki ṣíbí bọni lẹ́nu, ìyẹn ò lè jí ọkàn tó ti dúró. Àwọn Red Cross máa ń kọ́ni níṣẹ́ yìí.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, bí ẹ bá dé ìpàdé òbí àti olùkọ́, ẹ bi wọ́n: ta ló mọ àyà á tẹ̀ nínú yín? Ọkọ̀ wo ló máa wà nílẹ̀ lọ́jọ́ eré? Ta ló ń yẹ àwọn ọmọ wò kí wọ́n tó sáré? Bí wọ́n bá ní Ọlọ́run á ṣọ́ wọn, ẹ ṣe àmín, kẹ́ ẹ tún ìbéèrè yín bi wọ́n.