Ẹsẹ̀ Mi Wà Lábẹ́ Tábìlì Ọba

Nígbà tí a wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní òwe Yorùbá ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa pa òwe kan kí ó sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Nígbà tó kan ọmọkùnrin kan tó jókòó síwájú mi, ó dìde, ó ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́. Ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀." Kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìtumọ̀ tí ojú ti ń yí sọ́dọ̀ mi. Àwọn kan tètè gbé ojú wọn kúrò. Ọmọkùnrin náà fúnra rẹ̀ wo ẹ̀yìn, ó rí mi, ẹnu rẹ̀ wọhò. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n pa òmíràn."

Mo rẹ́rìn-ín bí ẹni pé kò dùn mí. Ọ̀pá tí mo fi ń rìn wà lábẹ́ àga. Mo rọra fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́yìn kí ẹnikẹ́ni má baà rí i.

Atiro ni mí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi kò lágbára láti orúnkún lọ sílẹ̀. Bí mo bá gbé e, ńṣe ni ọmọ ìka rẹ̀ máa ń wọ́ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò bí mi bẹ́ẹ̀. Mo ti ń sáré kiri inú àgbàlá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ibà dé, ara mi gbóná janjan, màmá mi sì bẹ̀rù pé gìrì fẹ́ mú mi. Bàbá mi wa ọkọ̀ lọ sí Kánò. Òjò ń rọ̀. Màmá mi pọ̀n mí, wọ́n sáré gba ojú títì lọ sí kẹ́míìsì tó wà nítòsí wa, wọ́n sì kanlẹ̀kùn títí ẹni tó ń tà á fi ṣílẹ̀kùn. Ó gún mi ní abẹ́rẹ́ ní ìdí. Ibà náà lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ kan kò sì gbà.

Ó pẹ́ kí dókítà kan tó ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wa. Iṣan ńlá kan wà tó gba inú ìdí sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣìnà bá iṣan yìí, pàápàá lára ọmọdé tí ẹran ìdí rẹ̀ kò tíì pọ̀, ẹsẹ̀ lè rọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé itan ni wọ́n máa ń gún ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára sí. Ṣùgbọ́n kí dókítà náà tó sọ̀rọ̀, àdúgbò ti sọ tiwọn. Àwọn kan ní rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ màmá mi kò jẹ́ kí wọ́n kán àjẹsára rẹ̀ sí àwọn ọmọdé lẹ́nu kó fò mí rí. Àwọn kan ní ayé ló ṣe é. Ìyá bàbá mi ní ó ní láti jẹ́ pé màmá mi rìn nínú oòrùn ọ̀sán gangan nígbà tí wọ́n lóyún mi. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ni màmá mi gbọ́, wọn kò sì fèsì sí ọ̀kankan.

Àdúrà ni wọ́n gbájú mọ́. Kò sí òkè àdúrà tí wọ́n dárúkọ fún wọn tí a kò dé. Bí a bá sì ti dé ilé, kásẹ́ẹ̀tì Yínká Ayéfẹ́lẹ́ ni wọ́n máa ń fi sínú rédíò. Ọ̀pọ̀ yín ló mọ ìtàn ọkùnrin náà. Ìjàǹbá ọkọ̀ tó ṣẹlẹ̀ sí i ní oṣù Kejìlá ọdún 1997 ló sọ ọ́ di ẹni tó ń jókòó sórí kẹ̀kẹ́, nígbà tó sì di ọdún 1998, ó gbé àwo Bitter Experience jáde. Mo rò pé mo tó ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí mo bi màmá mi pé, "Màmi, ṣé Ọlọ́run ò gbọ́ àdúrà tiwọn ni?"

Wọ́n ní, "Ó gbọ́."

"Kí ló dé tí wọn ò dìde?"

Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé o ò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọrin ni?"

Lójú tèmi nígbà náà, ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà tí ìsọjí ńlá kan wá sí ìlú wa. Wọ́n mú mi lọ síwájú. Oníwàásù náà gba ọ̀pá lọ́wọ́ mi, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Máa rìn!" Èrò ń pariwo. Mo gbé ẹsẹ̀ òsì, mo gbé ọ̀tún, mo ṣubú. Wọ́n gbé mi dìde, mo tún ṣubú. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí ìyá ọmọ yìí kò tíì jẹ́wọ́. Mo wá ojú màmá mi, mi ò rí i. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Èmi ni mo rá lọ mú ọ̀pá mi fúnra mi.

Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ti pa àdúrà tì. Mo ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì o, nítorí ta ló máa gbé inú ilé màmá mi tí kò ní lọ? Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí a díjú, èmi máa ń la tèmi sílẹ̀ ni. Ohun méjì péré ni mo rò pé ó lè jẹ́: yálà Ọlọ́run kò rí mi, tàbí Ó rí mi, ohun tí Ó rí kò sì wù Ú.

Èrò yẹn ni mo gbé wọ yunifásítì. Síkẹ́ẹ̀tì tó ń gbálẹ̀ nìkan ni mò ń rà. Àjà kejì ni kíláàsì wa wà, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì jẹ́ méjìdínlógójì, nítorí náà mo máa ń dé kí ẹnikẹ́ni tó dé, kí wọ́n má baà rí bí mo ṣe ń gùn ún. Èmi náà ni mo máa ń kúrò níbẹ̀ gbẹ̀yìn. Mi ò kì í mu omi láàárọ̀, nítorí ilé ìtọ̀ wà nísàlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá mi ṣe kíláàsì tí ẹ rò pé mo kàn fẹ́ràn ìwé jù ni, ohun tó fà á nìyẹn.

Ní ọdún kẹta, a ṣe kọ́ọ̀sì kan lórí ìtumọ̀ èdè. Olùkọ́ wa sọ̀rọ̀ nípa Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ lórí Bíbélì Yorùbá, wọ́n sì pín orí Bíbélì fún wa pé kí a lọ wo irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣà lò. Sámúẹ́lì Kejì, orí kẹsàn-án, ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo ṣí i, mo rí i pé ìtàn arọ ni. Inú bí mi. Mo fẹ́ lọ pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ ti lọ.

Mẹfibóṣẹ́tì ni orúkọ ọkùnrin náà, ọmọ Jónátánì, ọmọ-ọmọ Sọ́ọ̀lù ọba. Kí n lè mọ bí ó ṣe di arọ, mo padà sí orí kẹrin, ẹsẹ kẹrin. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí ìròyìn dé pé bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ ti kú lójú ogun. Alágbàtọ́ rẹ̀ gbé e, ó ń sá lọ. Nínú ìkánjú yẹn ni ọmọ náà já bọ́, ni ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fi rọ.

Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, mo pa ìwé dé. Obìnrin tó ń sáré tòun tọmọ ni mò ń rò. Ó lè dá sá lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ì bá yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbé ọmọ náà nítorí pé ó fẹ́ kí ó yè, ọmọ náà sì yè lóòótọ́. Bíbélì kò dá obìnrin yìí lẹ́bi. Mo rántí oníwàásù ọjọ́ kìíní. Mo sì rántí pé àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jésù náà bèèrè irú ọ̀rọ̀ yẹn nínú Jòhánù orí kẹsàn-án, pé ta ló dẹ́ṣẹ̀ tí wọ́n fi bí ọkùnrin kan ní afọ́jú, òun ni àbí àwọn òbí rẹ̀. Jésù ní kì í ṣe òun, kì í sì í ṣe àwọn òbí rẹ̀.

Mo padà sí orí kẹsàn-án. Mẹfibóṣẹ́tì ti di àgbàlagbà, ó ń fara pamọ́ sílé onílé ní Lódébárì. Dáfídì ránṣẹ́ pè é nítorí májẹ̀mú tó wà láàárín òun àti Jónátánì. Ó dé, ó dọ̀bálẹ̀, ó fi ara rẹ̀ wé òkú ajá. Mo mọ irú ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Dáfídì kò bá a jiyàn. Ó dá ilẹ̀ bàbá bàbá rẹ̀ padà fún un, ó sì ní orí tábìlì òun ni yóò ti máa jẹun títí lọ, bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọba.

Mo ń retí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ti mókun. Mi ò rí i. Ohun tí wọ́n fi parí orí náà ni pé ó ń jẹun lórí tábìlì ọba, ó sì yarọ ní ẹsẹ̀ méjèèjì. Wọ́n kọ méjèèjì tẹ̀ lé ara wọn, èkíní kò lé èkejì lọ. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé kó lọ gba ìwòsàn kó tó wá jókòó.

Ní alẹ́ yẹn, mo gbàdúrà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méje. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì, mo ní, "Olúwa, tí àyè bá wà fún mi, mò ń bọ̀. Ẹsẹ̀ mi nìyí." Mi ò gbọ́ ohùn kankan. Mo kàn sunkún títí oorun fi gbé mi lọ.

Nígbà tí a gba ìsinmi, mo ka ìtàn náà fún màmá mi nínú ilé ìdáná. Nígbà tí mo dé ibi tí alágbàtọ́ náà ti ń sáré, wọ́n gbé ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé ẹ̀fọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní oògùn tí wọ́n ń mu lẹ́nu ni ọkùnrin inú kẹ́míìsì fẹ́ fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn ni wọ́n kọ̀, wọ́n ní abẹ́rẹ́ ló máa ń tètè ṣiṣẹ́. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ti gbé e sínú. Wọn kò sọ fún bàbá mi. Nígbà tí oníwàásù ní ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí wọn kò jẹ́wọ́, wọ́n gbà pé òun náà ni.

Mo ní, "Màmi, ẹ̀ ń sáré ni. Ẹ̀yin lẹ gbé mi."

Wọn kò dáhùn. Ó ṣe díẹ̀, wọ́n lọ mú òrí wá, wọ́n ní kí n gbé ẹsẹ̀ náà wá. Wọ́n fi òrí pa á láti orúnkún dé ọmọ ìka, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré. Ojú ẹsẹ̀ náà ni wọ́n ń wò, èmi náà sì ń wò ó. Ó ti pẹ́ tí a ti jọ wò ó.

Ẹ má rò pé ìtàn ti parí síbẹ̀. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ṣì ń wọ́ nílẹ̀. Màmá mi ṣì ń gbàdúrà ìwòsàn, mo sì ń ṣe àmín sí i. Bí Ọlọ́run bá wò mí sàn lọ́la, màá jó. Bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, mi ò ní dìde kúrò nídìí tábìlì. Mo ti ra síkẹ́ẹ̀tì tó mọ ní orúnkún. Mo ń ka Bíbélì sétí ìjọ nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ onígbàgbọ́, ọ̀pá mi sì máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní gbangba. Mo tún ti rí i pé ìgbàgbọ́ kò ní kí n dákẹ́. Òfin wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2019 tó ka fífi ọwọ́ rọ́ aláàbọ̀ ara sẹ́yìn léèwọ̀, tó sì fún àwọn ilé tí gbogbo èèyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí a lè gbà wọlé. Èmi àti aṣojú kíláàsì wa lọ bá olórí ẹ̀ka wa sọ̀rọ̀. Wọ́n ti gbé kọ́ọ̀sì méjì wa wá sí ìsàlẹ̀. Ọ̀kan ṣì wà lókè, mo sì ń gun àtẹ̀gùn rẹ̀ níṣojú gbogbo yín.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ má gba ọ̀pá lọ́wọ́ ẹni tó ń rìn, ì báà ṣe nítorí àdúrà. Bí ẹ bá fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Bí ọmọdé bá sì ń ṣàìsàn nílé yín, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ má sì sọ pé dandan, abẹ́rẹ́ ni wọ́n máa gún un.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo pàdé ọmọkùnrin tó pa òwe lọ́jọ́sí. Mo ní kó parí ìtumọ̀ rẹ̀ fún mi. Ojú tì í díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé láti ìpìlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ́ wá. Mo ní òótọ́ ni. Mo wá bi í pé, "Ta ló ń dáhùn nínú òwe náà?" Ó rò ó, ó ní, "Amúkùn-ún ni."

Mo ní, "Ẹ rí i, òun ló mọ ìsàlẹ̀." Lẹ́yìn náà ni mo sọ ìtàn ìsàlẹ̀ tèmi fún un, bí obìnrin kan ṣe pọn ọmọ, tó ń sáré nínú òjò.