Ọwọ́ tí Mo Nà Sókè

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ní ọjọ́ kan, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ wa nawọ́ sókè láti yọ akápò wa. Mo mọ̀ pé kò jalè. Ṣùgbọ́n bí mo ti rí i pé ọwọ́ gbogbo ènìyàn ti lọ sókè, èmi náà na tèmi.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ Jeannette Rankin, ará Montana, ti ń gún mi lọ́kàn. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí a dìbò yàn sí ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, ní 1916. Ní 1917, òun àti àwọn 49 mìíràn kọ ogun Jámánì. Ó di 1940 kí wọ́n tó tún yàn án. Nígbà tí Japan kọlu Pearl Harbor, ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá, 1941, àwọn 388 ní kí a jagun. Òun nìkan ní rárá. Inú àpótí tẹlifóònù ni ó sá sí kí àwọn ọlọ́pàá tó wá sìn ín jáde. Ní 1942 kò du ipò náà mọ́.

Ẹ lè bá a jiyàn lórí ogun náà. Èmi pàápàá ń bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò purọ́ mọ́ ọkàn rẹ̀. Ọwọ́ tèmi purọ́. Akápò náà ṣì ń kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín. Èmi ni n kò lè wò ó lójú.