Àpótí Jehoiada àti Àtúnṣe Ibùdó Ọmọdé

Ilé tí ènìyàn ń gbé kì í tètè wó. Ọwọ́ tí ó ń ṣí ilẹ̀kùn ní òwúrọ̀ ni ó ń mọ̀ pé ìṣó rẹ̀ ti ń tú. Ẹsẹ̀ tí ó ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá ni ó ń tẹ ilé ikán mọ́lẹ̀ kí ó tó ga. Ibùdó tí àwọn ìjọ Kristẹni ń kó ọmọdé lọ nígbà ìsinmi gígùn kò ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀, kò sì ní irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì péré ni ariwo ọmọdé fi ń gba inú rẹ̀ kan láàárín ọdún. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yòókù, ọdẹ kan ṣoṣo, koríko, òjò àti ikán ni wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀. Nígbà tí àwọn olùkọ́ ọmọdé yóò bá fi padà wá ṣí i ní oṣù Keje, páànù ti lu, ìṣó ti dípẹtà, ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì ti di ìyẹ̀fun, ewé sì ti jẹrà sínú kànga. Ohun tí owó táṣẹ́rẹ́ ìbá ti tún ṣe ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ti wá di ohun tí gbogbo ìjọ ní láti dáwó fún.

Àṣà kíkó ọmọdé lọ sí ibùdó kò ti ilẹ̀ Yorùbá ṣẹ̀. Ní 1877, Willard Parsons, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní abúlé Sherman ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, rọ àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ pé kí wọ́n gba àwọn ọmọ tálákà láti New York sí ilé wọn fún ìwọ̀nba ọjọ́, kí afẹ́fẹ́ oko lè fẹ́ sí wọn lára. William Alexander Smith dá ẹgbẹ́ Boys' Brigade sílẹ̀ ní Glasgow ní 1883. Nígbà tí ó di 1886, ó kó àwọn ọmọkùnrin ẹgbẹ́ náà lọ sí ibùdó wọn àkọ́kọ́ ní Tighnabruaich, létí omi ní ilẹ̀ Scotland. Ní 1908, ẹgbẹ́ náà dé Èkó. Láti ìgbà náà ni oríṣiríṣi ìjọ àti ẹgbẹ́ ti sọ àṣà yìí di tiwọn, débi pé ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ mọ́ pé àlejò ni.

Ṣùgbọ́n àlejò náà kò mú ojú ọjọ́ ilé rẹ̀ wá. Ìsinmi tí ó bọ́ sí ìgbà oòrùn lọ́hùn-ún, inú òjò ni ó bọ́ sí níhìn-ín. Àfi ìwọ̀nba ọjọ́ tí òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, omi ni láti oṣù Keje títí wọ oṣù Kẹsàn-án. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ òrùlé fi gbọ́dọ̀ ṣáájú ọ̀rọ̀ gbogbo. Ibùdó tí kò ní pápá bọ́ọ̀lù ṣì lè gba ọmọdé; èyí tí òjò ń rọ̀ sórí ẹní rẹ̀ kò lè gba ẹnikẹ́ni.

Ìtàn tí ó bá irú iṣẹ́ yìí mu jù lọ wà nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 12, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣọ̀wọ́n kí oníwàásù kà á níbi ìkówójọ. Jehoaṣi ọba Juda pàṣẹ pé kí àwọn àlùfáà máa gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, kí wọ́n sì máa fi tún ibi tí ó bá ya lára ilé Olúwa ṣe. Nígbà tí ó fi di ọdún kẹtàlélógún ìjọba rẹ̀, ibi tí ó ya ṣì ya síbẹ̀. Ìwé Mímọ́ kò sọ pé ẹnikẹ́ni jí owó. Ohun tí ó hàn ni pé àwọn tí ń gba owó náà ni wọ́n tún ni àṣẹ àtiná an, kò sì sí ojú kẹta láàárín wọn. Jehoiada àlùfáà wá mú àpótí kan, ó lu ihò sí ìdérí rẹ̀, ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ. Bí owó bá pọ̀ nínú rẹ̀, akọ̀wé ọba àti olórí àlùfáà ni wọ́n jọ ń kà á. Wọn a fà á lé àwọn alábòójútó iṣẹ́ lọ́wọ́, àwọn náà a sì san án fún gbẹ́nàgbẹ́nà, fún ọ̀mọ̀lé àti fún agbẹ́kùúta. Wọn kò fi ṣe àwo fàdákà, wọn kò fi ṣe fèrè, wọn kò sì fi ṣe ohun èlò wúrà kankan.

Ọ̀rọ̀ àwo fàdákà yẹn ni ó yẹ kí gbogbo ìgbìmọ̀ ibùdó há sórí, nítorí pé owó àtúnṣe fẹ́ràn láti di àwo fàdákà. Ìgbìmọ̀ á bẹ̀rẹ̀ lórí páànù àti ṣáláńgá méjì. Kí ìpàdé kẹta tó tú, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn alájà méjì tí a óò fi orúkọ ẹni tí ó bá dáwó jù lọ pè. Kì í ṣe pé àwọn olówó burú. Ta ni yóò pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti Èkó kí wọ́n wá bá òun wo gọ́tà? Orúkọ ẹni dára lára ògiri tuntun. Kò sí ibi tí a óò kọ ọ́ sí lára ìṣó. Báyìí ni àwọn ibùdó kan ṣe ní gbọ̀ngàn tí ọmọdé kò kún rí, tí iyàrá tí wọ́n ń sùn sì ń jò lẹ́bàá rẹ̀.

Ayẹyẹ ìkówójọ náà ní ìwà tirẹ̀. A ta àtíbàbà, a yá àga, a se ìrẹsì, onílù dé. Alága ọjọ́ náà jókòó, bàbá ìjọ àti ìyá ìjọ jókòó tì í, à ń pe orúkọ, à ń pàtẹ́wọ́. Ẹni tí ó bá ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ kò mọ Yorùbá: oríkì a máa fa ọwọ́ ènìyàn dé inú àpò tí ìwàásù kò dé rí. Síbẹ̀, ó tọ́ kí a béèrè iye tí ó kù lẹ́yìn tí a bá san owó àga àti ti ìrẹsì tán. Ó tún tọ́ kí a béèrè ẹni tí a kò pè. Ìyá alákàrà tí ọmọ rẹ̀ fi àṣọ tútù wálé láti ibùdó ní ọdún tí ó kọjá mọ iyàrá tí ó ń jò ju alága lọ. Bí a bá gbé àpótí Jehoiada sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi gbogbo, yóò fi tirẹ̀ sí i láìsí pé ẹnikẹ́ni pariwo orúkọ rẹ̀.

Èyí tí ó le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀jẹ́ tí àwọn ènìyàn ń jẹ́ níbẹ̀. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún 2023, Ààrẹ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà kéde pé ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ilé ìfowópamọ́ àgbà ìjọba fi náírà sílẹ̀ kí ó wá ipò ara rẹ̀ ní ọjà. Láti oṣù Kejì títí dé ìparí 2024, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ìjọba àpapọ̀ ti fi hàn nígbà náà, iye tí ọjà fi ń wọ́n sí i láti ọdún dé ọdún kò wálẹ̀ sí 30 nínú 100. Ẹni tí ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ owó ìdì páànù kan ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, tí ó sì mú owó náà wá lẹ́yìn ọdún méjì láìdín kọ́bọ̀ kan, ti mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ níwájú Ọlọ́run àti ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìdì páànù náà kò pé mọ́. Àwọn àgbà ìjọ tí wọ́n ń gbé iṣu, àgbàdo àti adìyẹ wá síbi ìkórè kò ka ìwé ètò ọrọ̀ ajé, síbẹ̀ adìyẹ wọn kì í dín sí ìlàjì kí ó tó dé orí pẹpẹ. Ìgbìmọ̀ tí ó bá gbọ́n yóò tọrọ páànù fúnra rẹ̀, yóò tọrọ sìmẹ́ǹtì ní àpò, yóò sì tọrọ ìṣó ní ìwọ̀n.

Ohun mìíràn wà tí Yorùbá ní kí ìjọ tó dé. Samuel Johnson mẹ́nu kan èésú nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ odidi àpilẹ̀kọ lé e lórí ní 1952. Iye kan náà ni oníkálùkù ń dá, kò sí àga ọlá, owó náà kì í sì í pẹ́ kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tí yóò lò ó. Ọ̀wẹ̀ sì wà pẹ̀lú: ẹni tí ó fẹ́ ṣán oko tàbí tí ó fẹ́ bo ilé á ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn rẹ̀, á dáná oúnjẹ, iṣẹ́ á sì tán. Àwọn tí wọ́n fi ẹní sùn ní ibùdó ní ogún ọdún sẹ́yìn ti di bíríkìlà, káfíńtà, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́. Ọjọ́ Sátidé mẹ́rin wọn tó láti ṣí páànù àtijọ́, láti ro koríko, láti kun ògiri. Kànga gbígbẹ́ àti iṣẹ́ iná mànàmáná kò sí lára ohun tí ọ̀wẹ̀ ń ṣe, àfi bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá wà níbẹ̀. Ọmọdé ni yóò mu omi náà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí wọ́n wà ní London àti ní Houston kò lè wá di òòlù mú, ṣùgbọ́n wọ́n lè máa dá èésú láti ibẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ní oṣooṣù, kí a má ṣe tún dúró de ìgbà tí òrùlé bá wó kí a tó rántí wọn.

Bí gbogbo èyí kò bá ṣeé ṣe, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó kù, òun náà sì ni ó yá jù: kí a fi owó kún owó ibùdó. Ìwé yóò jáde, òbí tí ó bá ní yóò san. Páànù yóò tún ara rẹ̀ ṣe láàárín ọdún méjì, ọmọ alákàrà yóò sì wà nílé. Ohun tí Parsons ṣe ní 1877 yàtọ̀ sí èyí pátápátá. Orí ọmọ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí ilé. Ilé tí ó ti wà ní abúlé rẹ̀ ni ó wá àyè sí fún wọn. Ìgbìmọ̀ kan ṣì lè gba ọ̀nà yẹn: kí wọ́n ka iye ọmọ tí kò lè san kí wọ́n tó ka iye páànù, kí wọ́n sì wá ẹni tí yóò gba ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ́rùn. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ yóò wá di méjì. Èkíní ni orúkọ ọmọ, ọjọ́ orí rẹ̀ àti iyàrá tí yóò sùn. Èkejì ni ẹni tí ó san owó, akápò nìkan ni yóò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí olùkọ́ tí ó ń pín ẹní ní alẹ́ má baà mọ ọmọ tí a sanwó fún yàtọ̀ sí ọmọ tí bàbá rẹ̀ san.