Díìsìkì Tó Jọ Òfìfo

Nínú gbogbo ohun tí àwa tó ń tọ́jú dátábéèsì ń ṣọ́, díìsìkì tí sẹ́fà méjì-mẹ́ta jọ ń lò ló ń já mi láyà jù. Ó lè máà ní àìsàn kankan. Àmọ́ ojú tí ò bá mọ̀ ọ́n á pè é ní òfìfo.

Oracle RAC, tó jáde lọ́dún 2001, ni mo fi mọ̀ ọ́n. Níbẹ̀, sẹ́fà púpọ̀ ló ń ṣí dátábéèsì kan náà pọ̀. Ext4, fáìlì-sísítẹ́ẹ̀mù Linux, kò gba irú àjọlò bẹ́ẹ̀: tí ẹ bá gbé e sórí sẹ́fà méjì pọ̀, èyí ò ní mọ ohun tí ìyẹn ń kọ, dátà á sì dàrú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé díìsìkì náà fún ASM, ẹ̀yà Oracle tó ń bójú tó díìsìkì, ní ìhòòhò, láìsí fáìlì-sísítẹ́ẹ̀mù lára rẹ̀.

Wàyí o, ẹ tẹ df: kò sí níbẹ̀. Ẹ tẹ fdisk -l: á dárúkọ /dev/sdc àti bó ṣe tóbi tó, kò ní fi ìpín kankan hàn. Lsblk -f lè kọ oracleasm síwájú rẹ̀ o, àmọ́ mélòó nínú wa ló ń rántí tẹ ìyẹn nígbà tí ọ̀gá bá dúró síni lórí? Ẹni tí wọ́n ní kó wá àyè fún báákọ́ọ̀pù á rò pé orí òun bá òun ṣe é. Á tẹ mkfs láti fi fáìlì-sísítẹ́ẹ̀mù tuntun lé e. Bí mkfs bá tiẹ̀ bi í pé ṣé ó dá a lójú, á tẹ y. Òṣìṣẹ́ gidi ni, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́. Pásíwọ́ọ̀dù ò lè gbà wá lọ́wọ́ irú wọn.

Àgbẹ̀ tó kó igi jọ sẹ́bàá ọ̀nà kì í dúró tì í. Ààlè ló ń fi lé e, kí ẹni tó ń kọjá lè mọ̀ pé ó lólúwa. Ìpín kan ṣoṣo tí mo máa ń gé sórí díìsìkì, láti mẹ́gábáìtì kan títí dé ìparí, ààlè tèmi nìyẹn. ASM ò bèèrè rẹ̀. Ènìyàn ni mo fi ń hàn.

Orúkọ tún ń kọ́? Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé sdc. Ẹ tún sẹ́fà tàn, sdc àná lè di sdf. Ohun tí sẹ́fà kìíní ń pè ní sdc sì lè jẹ́ sdb lójú èkejì. WWID díìsìkì, nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, ni kì í yí padà. Òun ni mo ń kọ sínú òfin udev lórí gbogbo sẹ́fà, kí wọ́n lè máa fi orúkọ kan náà pè é, kí aṣàmúlò grid jẹ́ ẹni tó ni ín, asmadmin jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, kí àṣẹ rẹ̀ sì jẹ́ 0660. Mo máa ń ka WWID yẹn sókè fún ẹnìkejì mi, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, òun náà á máa fi ìka tọ̀ ọ́ lórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n máa rín in.

Kí díìsìkì tó wọ ẹgbẹ́ díìsìkì ASM, v$asm_disk, àtẹ tí ASM fi ń sọ ipò díìsìkì kọ̀ọ̀kan, ni mo ń bi. Tó bá ní CANDIDATE, mo lè máa bá a lọ. Tó bá ní MEMBER, ẹnìkan ń gbé níbẹ̀, bóyá kọ́lọ́sítà míì tí wọ́n ṣèèṣì fi díìsìkì rẹ̀ hàn wá. ASM á kọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń kánjú ti máa ń rántí FORCE, ọ̀rọ̀ tó ń fipá mú ASM gbà á. Lójú tèmi, ẹni tó fẹ́ lo FORCE gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dárúkọ ẹni tó ni díìsìkì náà, kó sì pè é lórí fóònù. Bí ẹnìkan bá sì ti tẹ mkfs, kfed repair lè dá orí díìsìkì padà látinú ẹ̀dà tí ASM fi pamọ́, àmọ́ orí lásán ni. Ibi yòókù tí mkfs bá ti kọ nǹkan lé, báákọ́ọ̀pù ló kù.