Lẹ́tà láti Áténì

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo ti dé Áténì ní àlàáfíà. Oòrùn ibí kì í ṣe kékeré; aago mẹ́wàá àárọ̀ kì í tíì lù tí mábù orí òkè Akirópólísì ti ń gba ojú ẹni. Ẹ ti rí àwòrán Parthenon, ilé òrìṣà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ níbẹ̀ ní ọdún 447 ṣáájú ìbí Kristi. Kò sí ibi tí wọn kò ti wo òpó rẹ̀ kọ́lé láyé yìí, ìbáà ṣe ilé ẹjọ́, ìbáà ṣe ilé ìfowópamọ́, nítorí náà n kò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Àpáàdì ló dá mi dúró.

Ìsàlẹ̀ òkè náà ni Agora wà, níbi tí wọ́n ti ń ná ọjà, tí wọ́n ti ń rojọ́, tí Socrates sì ti ń fi ìbéèrè dí àwọn èèyàn lọ́nà. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà níbẹ̀. Inú àpótí gíláàsì ni wọ́n to àwọn àpáàdì náà sí, ìdí ife àti èékù ìkòkò tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n fi ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó họ lẹ́tà sí wọn lára: Themistocles, ọmọ Neocles. Kò sí ohun mìíràn níbẹ̀.

Ìbò ni, Ẹ̀gbọ́n. Lọ́dọọdún ni àwọn ará ìlú máa ń pinnu bóyá àwọn fẹ́ lé ẹnì kan. Bí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀, oníkálukú á kọ orúkọ ẹni tó ń kọ ọ́ lóminú sára àpáàdì. Bí àpáàdì bá ti pé 6,000, ẹni tí orúkọ rẹ̀ pọ̀ jù á fi ìlú sílẹ̀ fún ọdún 10. Wọn kò ní gba ilẹ̀ rẹ̀, wọn kò sì fi ẹ̀sùn kankan kàn án. Ó ti tóbi jù lójú wọn ni.

Plutarch sọ pé ará oko kan tí kò mọ̀wé na àpáàdì rẹ̀ sí Aristides, olóṣèlú Áténì kan, láìmọ ẹni tó jẹ́, ó ní kó bá òun kọ orúkọ Aristides sí i. Aristides bi í pé kí ni ọkùnrin ọ̀hún fi ṣe é. Ó ní kò fi nǹkan kan ṣe òun, pé bí gbogbo ayé ṣe ń pè é ní olódodo ló ti sú òun. Aristides bá a kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà ni Plutarch kọ ìtàn yìí, n kò lè búra sí i, ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé wọ́n lé Aristides ní ọdún 482.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ní 1937, àwọn awalẹ̀pìtàn rí àpáàdì 190 tó ní orúkọ Themistocles lára nínú kànga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Akirópólísì. Nígbà tí wọ́n yẹ ọwọ́ ìkọ̀wé wọn wò, bí èèyàn 14 péré ló kọ gbogbo rẹ̀! Ó jọ pé àwọn ọ̀tá rẹ̀ ló jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ láti pín in fún olùdìbò. Àwa tí a rò pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń tẹ̀ka sí ìwé ìbò sílẹ̀ de ọjọ́ ìdìbò. Themistocles yìí kan náà ló kó ọkọ̀ ojú omi wọn ṣẹ́gun Páṣíà ní Salamis lọ́dún 480. Nígbà tí wọ́n lé e tán, abẹ́ ààbò ọba Páṣíà ló kú sí.

Obìnrin kò dìbò o. Ẹrú kò dìbò, àlejò tó ti di onílé níbẹ̀ pàápàá kò dìbò.

Mo yí sí apá gúúsù òkè náà, níbi ìṣeré Dionysus, òrìṣà ọtí wáìnì. Àwọn àga mábù tó ní ẹ̀yìn ṣì wà níwájú, ti àwòrò òrìṣà náà ló dára jù. Ní ọdún 415 ni Euripides gbé eré àwọn obìnrin Troy wá fún àwọn ará Áténì. Ẹkún àwọn opó tí ogun fọ́ ìlú wọn ló fi kún inú rẹ̀. Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí ọmọ ogun Áténì gba erékùṣù Melos, tí wọ́n pa àwọn ọkùnrin ibẹ̀, tí wọ́n sì kó obìnrin àti ọmọ lẹ́rú. Ìlú tó ṣe é gan-an ló jókòó wo eré náà. Ipò kejì ni wọ́n fún Euripides, ṣùgbọ́n wọn kò pa á lẹ́nu mọ́.

Lójú tèmi, ogún tí wọ́n fi sílẹ̀ nìyí, ó sì ju òpó mábù lọ. N kò sọ pé sùúrù wọn kò lópin. Àwọn náà ló fún Socrates ní májèlé mu ní ọdún 399. Ṣùgbọ́n eré yẹn ni Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan gbé wá sí ahoro Òwu nínú Women of Owu, tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2004. Ọlá Rótìmí ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú: Oedipus ti Sophocles ló sọ di Odéwálé, tí wọ́n sì ṣeré rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1968. Ẹkún Òwu kò sì dún bí ẹkún àlejò rárá.

Lọ́la ni mo ń lọ sí Epidaurus, níbi ìṣeré tó ń gba bí èèyàn 14,000, tí wọ́n ṣì ń ṣeré nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n ní kí n mú tìmùtìmù dání, òkúta ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ìdí ẹni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo inú àwọn ìwé mi, ẹ yọ Women of Owu sọ́tọ̀. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ fi yá ẹnikẹ́ni kí n tó dé.

Èmi ni àbúrò yín.