Ọwọ́ Tí N Kò Kà Mọ́ Owó Ọjà

Ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ni mo rán níṣẹ́ irọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan lọ́dún 2015. Mo ti sá sí ẹ̀yìnkùlé, mo lóṣòó sáàárín àwọn dúrọ́ọ̀mù aró, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ níwájú ilé: "Mọ́mì ti lọ sí Ìtòkú, wọn ò tíì dé." Obìnrin mẹ́rin ló dúró síbẹ̀. Ìyá ológì, tó dàgbà jù nínú wọn, wo sálúbàtà mi lẹ́nu ọ̀nà, kò sọ pé òun rí i. Ó ní kí ọmọ náà bá òun gbé àpótí wá, ó sì jókòó.

Gbọ́múlélántàn ni wọ́n ń pe irú owó tí mo yá ládùúgbò wa l'Ábẹ́òkúta. ₦100,000 ni wọ́n kọ sí káàdì mi. Wọ́n yọ ₦10,000 sílẹ̀ níbẹ̀ pé ìfowópamọ́ ni, mo sì ní láti máa dá ₦4,900 padà lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Wọn ò béèrè ìwé ilẹ̀. Àwa márùn-ún la dúró fún ara wa. Bí ẹnì kan ò bá mú tirẹ̀ wá, àwọn yòókù ò ní dìde nípàdé. Mo kà á lẹ́yìn náà pé Bangladesh ni irú ètò yìí ti lókìkí, lọ́wọ́ Muhammad Yunus àti báńkì Grameen, tí wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2006. Ó lè sunwọ̀n lọ́hùn-ún. Ní tèmi, ojú mi ni mo fi dógò.

Ìyá ológì ló san tèmi lọ́jọ́ náà. Owó àgbàdo rẹ̀ ni.

Àwọn èèyàn rò pé aṣọ ẹbí ni mo fi owó náà rà. (Mo ra ẹyọ kan, n kò ní purọ́.) Ṣùgbọ́n Balógun l'Ékòó ni mo gbé èyí tó pọ̀ jù lọ, mo fi ra tẹ́rù tí a fi ń ṣe àdìrẹ. Aṣọ náà tà. Àwọn oníbàárà ń ti Ìbàdàn wá kó o. Ọjà ń tà, owó ò dúró, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí àbúrò ọkọ mi obìnrin. Mo tiẹ̀ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lé e lórí.

Ọmọṣẹ́ mẹ́ta ni mo ní kí n tó yá owó yẹn. Aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n ti ń fa omi. Wọn á fọ aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ mi, wọn á yọ́ àbẹ́là, wọn á fi fóòmù tẹ bátànì sára aṣọ, wọn á rẹ ẹ́ láró, wọn á tún fi omi gbígbóná yọ àbẹ́là kúrò. N kò fún wọn ní kọ́bọ̀. Àwọn òbí wọn ló tún ń san owó ìkọ́ṣẹ́ fún mi. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá tèmi náà ṣe fún mi, mo sì gbà pé bí iṣẹ́ ṣe ń wọni lára nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, èyí tó kéré jù nínú wọn, ọmọ Ọ̀dẹ̀dá, da omi lé kọ́sítíìkì tí a fi ń po aró lórí dípò kó máa da kọ́sítíìkì díẹ̀díẹ̀ sínú omi. Ó hó yàà, ó ta sí i lọ́wọ́ ọ̀tún. Mo pariwo mọ́ ọn pé ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, èmi tí n kò kọ́ ọ rárá. Epo pupa ni mo fi pa á. Omi tó mọ́ ló yẹ kí n máa dà sí i títí. N kò mọ̀. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà wà ní ṣọ́ọ̀bù kẹta sí tèmi, n kò rà á rí. Lọ́jọ́ kejì, mo ní kó máa fi ọwọ́ òsì fa omi. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi lọ, kò padà.

Àwọn méjì yòókù ṣe fíríìdọ́ọ̀mù láàárín oṣù kan náà, mo bá háyà aláró. Ibẹ̀ ni àṣírí tú.

Ní ìlú tí Funmilayo Ransome-Kuti ti kó àwọn ìyá ọlọ́jà jọ ní àwọn ọdún 1940, tó ń kọ́ wọn ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, èmi tí mo jáde ilé-ìwé girama ò ní ìwé ìṣirò kan ní ṣọ́ọ̀bù. Ìwé ọmọ mi ni mo ya. Tẹ́rù ọ̀pá márùn-ún, ₦1,500. Aró, kọ́sítíìkì àti haidirọ́ọ̀sì, ₦400. Àbẹ́là, ₦150. Igi ìdáná àti omi, ₦100. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦2,150, mo sì ń tà á ní ₦2,600. Mo wá fi ₦500 aláró kún un. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un ṣe. Àádọ́ta náírà ni mo ń pàdánù lórí ìdì kan, n kò sì tíì ka ọwọ́ èmi fúnra mi, n kò tíì ka èlé. Gbogbo èrè tí mo ti ń jẹ láti ọdún yìí wá, owó ọ̀yà àwọn ọmọ yẹn ni.

Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé kí n tètè wá ọmọṣẹ́ mẹ́ta mìíràn. Ó tì mí lójú ju irọ́ ẹnu ọ̀nà lọ.

Ìyá ológì náà ló mú mi wọ àjọ ọlọ́jà ẹlẹ́ni ogún, ₦2,000 lọ́sẹ̀. Ìkẹtàdínlógún ni wọ́n fi mí sí. Wọn ò fọkàn tán mi, wọn ò sì jẹ̀bi. Ọjọ́ tí mo kó ₦40,000, mo gbé ₦14,700 tó ti san fún mi lẹ́ẹ̀mẹta lọ bá a. Ó kà á lójú mi, ó yọ ₦700 padà, ó ní kí n fi ra ìpápánu fún ọmọ tí mo rán níṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní àná.

Mo gbé iye ọjà lọ sí ₦3,400. Àwọn ará Ìbàdàn lọ, ọ̀pọ̀ wọn ò padà. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà ni wọ́n ń tà báyìí. Ọmọṣẹ́ méjì ni mo ní. Mo ń san owó fún wọn lórí ìdì kọ̀ọ̀kan. Kò tó, wọ́n mọ̀, èmi náà mọ̀. Ìbọ̀wọ́ wà.

Lọ́dún tó kọjá, mo wá ọmọ Ọ̀dẹ̀dá yẹn lọ. Ó ti ń dá aró tirẹ̀ rẹ lẹ́bàá títì. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Mo ti ṣètò ohun tí màá sọ láti ilé, àmọ́ ohun tó jáde ò ju "Ọmọ mi, ọwọ́ yẹn..." lọ. Ó ní, "Ẹ jókòó, mà." Mo mú ìdì kan, ó dá iye lé e, ẹnu mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná an kí n tó mọ̀.

"Kò gbà, mà. Owó iṣẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀."

Mo ka owó náà pé. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi gbà á. Àpá náà ti dúdú bí aró.