Báírò Pupa Nínú Bíbélì

Ilé là á ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ ilé wa ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Àwọn kan nínú yín máa ń bi mí pé kí ló gbé mi dé ìdí ẹ̀kọ́ Yorùbá, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń lé Lọ́ọ̀ àti Máàsì Kọ́mù kiri. Èsì tí mo máa ń fún yín ni pé JAMB ló fà á. Irọ́ ni. Báírò pupa ló fà á.

Ní ọdún 2020, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, mo wà ní SS2. Agége là ń gbé. Lálẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún náà ni òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó nítorí àrùn Kòrónà. Wọ́n ti ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ṣáájú ìgbà yẹn, wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì náà. Bàbá mi ń wa dánfó, Màmá mi ń ṣe tíṣà ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan. Dánfó dúró, owó oṣù dúró. Ikùn wa nìkan ni kò gbọ́ pé Kòrónà dé, kò yéé béèrè oúnjẹ.

Màmá mi ò káwọ́ gbera. Ó kun ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá ní ọ̀dà dúdú, ó sọ ọ́ di pátákó ìkọ̀wé. Tó bá di aago mẹ́fà àárọ̀, a ó gbàdúrà. Tó bá di aago mẹ́jọ, àwọn ìbejì wa, Táyé àti Kẹ́hìndé, tí wọ́n wà ní Pírámárì Mẹ́rin, á jókòó sórí ẹní, kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀wà tí wọ́n bá fi kọ́ ìṣirò láàárọ̀ la ó sè lọ́sàn-án. Ìdá mẹ́wàá ni Màmá mi fi kọ́ wọn ní ìpín. Ó bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé, “Tí Dádì yín bá pa ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà, èló ni ti Ọlọ́run níbẹ̀?” Táyé ní, “Mọ́mì, Dádì ò pa kọ́bọ̀.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bàbá mi wúkọ́ ní pálọ̀, kò sọ nǹkan kan.

Ìwé kíkà ló le jù, torí gbogbo ìwé wọn wà ní ilé-ẹ̀kọ́. Bíbélì Mímọ́ tí ìyá àgbà fi sílẹ̀ ni wọ́n fi ń kàwé. Orí kìíní Jẹ́nẹ́sísì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan á kà á, èkejì á sọ ohun tó gbọ́. Màmá mi gbà pé bí ìwé ṣe ń wọlé sí wọn lórí ni ìgbàgbọ́ náà ṣe ń wọlé sí wọn lọ́kàn.

Nígbà tí ọdún ń lọ sópin, ilé-ẹ̀kọ́ tún ṣí. Èmi padà nítorí WAEC. Owó ọmọ mẹ́ta ò sí, Bàbá mi ti ta dánfó. Àwọn ìbejì bá dúró sílé. Tí àwọn ará àdúgbò bá béèrè, Màmá mi á ní, “Ọlọ́run ló ní kí n máa kọ́ wọn nílé, kí ayé má baà bà wọ́n jẹ́.” Á tọ́ka sí Deuteronomi orí kẹfà, níbi tí wọ́n ti ní kí òbí máa kọ́ ọmọ nínú ilé àti lójú ọ̀nà. Mo mọ̀ pé kì í ṣe Ọlọ́run ló sọ ọ́. Mo gbọ́ òun àti Bàbá mi lóru, ọ̀rọ̀ owó ni wọ́n ń sọ. Láti ìgbà yẹn, tí a bá ń gbàdúrà, ẹnu mi ń ṣe àmín ni, ọkàn mi ti bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Àfi ọjọ́ tí Kẹ́hìndé mú báírò pupa tí Màmá mi fi ń máàkì, tó sì máàkì Bíbélì. Ó fa ìlà sábẹ́ “aiye”, ó kọ “ayé” sí i. Ó fa ìlà sábẹ́ “enia”, ó kọ “ènìyàn”. Ó kọ sókè ojú ewé pé: 3/10. Tún un ṣe.

Gbòà! Màmá mi fọ́ ọ létí. “O ń fi báírò pupa kọ ìkọkúkọ sínú ọ̀rọ̀ Ọlọ́run?” Kẹ́hìndé di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ̀yin náà lẹ ṣáà ní bá a ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn kọ́.”

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ṣáájú àdúrà, Màmá mi pe Kẹ́hìndé síwájú. Ó ní, “Mo ṣì ọ́ nà. Ohun tí mo kọ́ ọ lo ṣe. Má bínú.” Ẹ̀yin náà mọ ilé Yorùbá. Ìyá wo ló ń bẹ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án níṣojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀?

Ó wá ní kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ sípẹ́lì fún wọn, torí mo ń ṣe Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́. Mo ní Àjàyí Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ló túmọ̀ Bíbélì, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884. Mo ní ìgbìmọ̀ kan jókòó lórí àkọtọ́ ní 1966, tí ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974. Bíbélì ò ṣi sípẹ́lì, ó kàn dàgbà ju ìwé Pírámárì Mẹ́rin lọ ni.

Táyé ní, “Tó bá jẹ́ èèyàn ló kọ ọ́ sílẹ̀, báwo la ṣe máa mọ èyí tí Ọlọ́run sọ?” Kẹ́hìndé gbà á lẹ́nu rẹ̀: “Bíi jíjókòó tá a jókòó sílé yìí. Mọ́mì, ṣé lóòótọ́ ni Ọlọ́run sọ ọ́ fún yín?”

Màmá mi gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀.

“Rárá,” ó ní. “Kò sọ fún mi. Owó ni kò sí, ojú sì ń tì mí. Mo ti tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mi ò tíì rí i, mi ò sì mọ ìdí. Ẹ jẹ́ ká kúnlẹ̀.”

Mo kúnlẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni àmín mi tún ti ọkàn wá. Títí dìgbà náà, mo rò pé onígbàgbọ́ ni ẹni tí èsì kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo rí ẹni tí kò ní èsì, tí kò purọ́, tó sì tún kúnlẹ̀. Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí Màmá mi kọ́ wa nílé, èyí nìkan ni kò kọ sára ilẹ̀kùn.

Kì í ṣe pé mánà bọ́ láti ọ̀run o. Odindi ọdún kan ni àwọn ìbejì pàdánù kí wọ́n tó padà sí ilé-ẹ̀kọ́ ní 2021. Ṣùgbọ́n tí àwọn ará àdúgbò bá béèrè, Màmá mi á ní, “Owó ni ò sí, ẹ bá wa gbàdúrà.” Ìyá kan ládùúgbò gbọ́ ọ, ó ní ti òun náà nìyẹn, ó sì mú ọmọ tirẹ̀ wá. Ẹní wa gbà á.

Ìgbà tí mo dé yunifásítì ni mo wá mọ ìtàn Àjàyí dáadáa. Ní 1821 ni wọ́n mú un lẹ́rú ní Òṣoògùn, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọdé. Ní 1846, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, òun àti ìyá rẹ̀ tún fojú kanra ní Abẹ́òkúta. Ní 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi nínú ìgbàgbọ́ tí ọmọ rẹ̀ mú bọ̀ wálé. Nígbà tí mo kà á, Kẹ́hìndé ló wá sí mi lọ́kàn. Àṣé ọmọ náà máa ń kọ́ ìyá.

Bíbélì yẹn wà lórí tábìlì mi báyìí. Ẹni tó bá yà wá sí yàrá mi lè ṣí i wò, 3/10 ṣì wà níbẹ̀. Kẹ́hìndé ti wọ JSS. Ó pè mí láìpẹ́ yìí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ‘ẹ̀yìn’ la ń kọ, a kì í kọ ‘ẹ̀hìn’ mọ́. Orúkọ mi wá ńkọ́?”

Mo ní kó fi sílẹ̀ bí Mọ́mì ṣe kọ ọ́. Ó ní òun máa bi Mọ́mì fúnra rẹ̀.